Tìṣà Moradékẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Wo Ẹ̀yìn

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jà, tó gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wo ẹ̀yìn, á rí àwọn tí kì í ṣe èèyàn?"

Arínpé ló béèrè ní kíláàsì. Tìṣà Moradékẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ wò ó."

Nírọ̀lẹ́, tìṣà ń gba inú ọjà tó ti tú kọjá, ló bá ń gbọ́ tí wọ́n ń nájà wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ní kó sá, ojú ní òun ò tíì rí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ ló rí, ọ̀kankan ò kanlẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ náà dákẹ́. Èyí tó sún mọ́ ọn jù kẹ̀yìn sí i, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín ẹsẹ̀ tirẹ̀ wo tìṣà.

Ó ké sí àwọn yòókù: "Òótọ́ mà ni! Ẹ wá wò ó!"