Fìlà Nínú Garawa

Ọ̀la ni katapila yóò dí àwọn kòtò góòlù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn abúlé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ìbídùn àti Ọ̀ṣúndáre, àbúrò ọkọ rẹ̀, lọ tú okùn tó wà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ibẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ ti ya bo ọkọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde.

Bí Ìyá Ìbídùn ṣe fọwọ́ kan okùn náà, ó gbọ́ ìró nísàlẹ̀: kó, kó, kó, bí ìgbà tí ṣọ́bìrì ń kan òkúta.

"Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Ọ̀ṣúndáre wí.

"Ẹ bá mi fà á, ọkọ mi kékeré."

Wọ́n fa garawa jáde. Iyanrìn tútù ló kún inú rẹ̀, fìlà tí Ìyá Ìbídùn fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ọkọ rẹ̀ sì wà lórí iyanrìn náà. Gbogbo awagóòlù ló mọ àmì yẹn: ẹni tó bá parí iṣẹ́ nísàlẹ̀ á fi fìlà rẹ̀ ránṣẹ́ sókè, pé òun ló kàn kí wọ́n fà.

Ọ̀ṣúndáre figbe ta, ó sì sá lọ. Obìnrin náà gbá fìlà mọ́yà, ó sọ okùn padà sísàlẹ̀. Ìró náà dákẹ́. Okùn wúwo. Ó fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, kò gòkè. Ọkọ rẹ̀ síngbọnlẹ̀. Èèyàn méjì ló máa ń fà á tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ má bínú," ó ń sunkún. "Èmi nìkan ló kù lókè."

Okùn náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan rọra jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣọ́bìrì padà sẹ́nu iṣẹ́.