Aláínmẹ́ǹtì Àárọ̀ Sátidé

Gbádéyan kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ bá òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń to táyà mọ́tò kó lè gún. Láti ìgbà tí mẹkáníìkì ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ni mọ́tò rẹ̀ ti ń fà sọ́wọ́ òsì. Ṣùgbọ́n Moṣọpẹ́ ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun l'Ọ́jà-Ọba ni, kí ó já òun sílẹ̀ tí wọ́n bá ṣe tán. Kí ni ọkọ fẹ́ sọ sí i? Moṣọpẹ́ náà ló kúkú lọ ra ṣọ́ọ̀kì ọ̀hún, èyí tó lágbára jù lọ nínú ọjà.

Wọ́n ti dá Gbádéyan dúró lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Malete láti ìparí sáà tó kọjá, kò sì tíì sọ nílé. Àràárọ̀ ló ń de táì, tó ń gbé báàgì jáde. Tó bá dé Malete, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kó iṣu kún búùtù àti ìjókòó ẹ̀yìn, á wa mọ́tò wá sí ọjà Ipata fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Màsúdát. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ gan-an ni obìnrin náà pè é lórí fóònù pé òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun kó iṣu, pé ẹnì kan ló fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀. Gbádéyan kò bèèrè ẹni náà.

Iṣu yìí ló ba ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ jẹ́, ojú sì ń tì í gidigidi. Ó ti pẹ́ tó ti ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, òun ló wá ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ iṣu dànù kó tó wọlé tọ aya rẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni pé abọ́ tánganran tí Moṣọpẹ́ ń tà ń dínkù lórí pẹpẹ, kò sì rí òmíràn kó kún un. Ó gbà pé owó ọjà obìnrin náà ni ilé ń jẹ.

Abdulmuiz, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, so irinṣẹ́ mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá bèèrè ohun tó ń bi gbogbo oníbàárà.

"Daddy, ṣé ẹ máa ń kẹ́rù?"

"Rárá o. Ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni."

"Torí tó bá jẹ́ pé ẹrù wúwo ló ń wà lẹ́yìn ẹ̀ lójoojúmọ́, màá di nǹkan sí i kí n tó sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Tí mo bá ṣe é lófìfo, tẹ́ ẹ wá lọ kẹ́rù, táyà ẹ̀yìn á máa jẹ ni."

"Ṣe é lófìfo," ni Gbádéyan wí. Kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn," Moṣọpẹ́ pè é, "òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra píọ̀ wọ́tà lójú títì."

Ó yára jáde bí ọmọ tí tíṣà yọ̀ǹda fún. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi jẹ́wọ́, kò rí i. Nígbà tó padà, ó bá búlọ́ọ̀kù nínú búùtù àti lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó yíjú wo Abdulmuiz.

"Mo kàn fi ń dán ṣọ́ọ̀kì tuntun yẹn wò ni, Daddy," Abdulmuiz sọ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Moṣọpẹ́ gba omi, ó mu ún. Gbádéyan dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé obìnrin kò mọ̀ nípa mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ojú tún tì í pé òun ń dúpẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò kò fà mọ́ títí wọ́n fi dé Ọjà-Ọba.

"Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ̀nà Malete fún yín," Moṣọpẹ́ wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Gbádéyan fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àmín nìkan ló lè sọ.

Moṣọpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí mọ́tò fi yà lọ, ó wá tẹ fóònù rẹ̀, ó ní: "Màsúdát, wọ́n ti tún mọ́tò ṣe, jẹ́ kí Bàbá Tìmílẹ́hìn lọ kó iṣu mi láàárọ̀ Mọ́ńdè bó ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n dín in kù díẹ̀ fún wọn, má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láé pé èmi ni mo ni ín."