Ẹni Tó Rántí Ọjọ́ Iná

Ìyá Aránṣọ ni ẹni ogójì tí ẹgbẹ́ ìtàn àdúgbò wa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Wọ́n ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbí. Akọ̀wé wa ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá béèrè ohun tí mo máa ń bi gbogbo wọn.

"Màmá, lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà jóná, ta lẹ rí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn?"

Àwọn mọ́kàndínlógójì tó ṣáájú ní àwọn ò rí ẹnikẹ́ni.

"Mo rí ọmọkùnrin kan. Àwọn èèyàn ń ké nínú iná, òun ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé.

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló bi mí? Àgbà tó bá ń sọ ohun tí wọn ò bi í, wọ́n á ní ó ń ṣarán."

Mo ní, "Ṣé ẹ lè dá a mọ̀?"

"Ojú tó ń ṣe bàìbàì yìí ni ò jẹ́. Lọ́la ni dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Tó bá ti là, màá fi í hàn yín."

Mo pa fóònù. Mo ní kí akọ̀wé máa lọ sílé, pé màá bá Màmá ti fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó jáde.

Ọdún mẹ́wàá nìyí tí mo dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé ìfẹ́ ìtàn ló mú mi ṣe é.

Ẹni tó rí mi lọ́jọ́ náà ni mò ń wá.