Ibi Ojú Ló Ṣófo

"Karimot, fi ojú sí i."

Aunty Rùkáyátù, àbúrò Daddy mi, ló ń sọ̀rọ̀. Láti ìsọ̀ ata wọn ní Mile 12 ni wọ́n ti wá bá mi ní sítúdíò iléèwé àwòrán wa ní Kẹtu.

Kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Èédú la fi ń yàwòrán.

Mo ti ya fìlà Daddy. Mo ti ya irùngbọ̀n àti àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹyinjú méjèèjì nìkan ló kù.

Nílé wa, a kì í fi ojú sí àwòrán. Daddy ní Ọlọ́run máa ní kí ẹni tó yà á fún un lẹ́mìí lọ́jọ́ ìdájọ́. Tí mo bá fi ojú sí i, Daddy á fa ìwé mi ya, Aunty á gbá àjákù ẹ̀ dànù.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa kọjá. "Ohun tó o bá rí ni kó o yà."

"Ṣé o gbọ́?" Aunty fà mí láṣọ. "Ọ̀la ni fídáù Daddy yín. Wọn ò gbà ká ya àwọn ní fọ́tò rí. Kí la fẹ́ fi sí bánà?"

Mo gbé èédú sílẹ̀.

"Aunty, látọjọ́ tí mo ti wọ iléèwé yìí ni Daddy ò ti wò mí lójú mọ́, títí wọ́n fi kú.

"Ojú wo ni kí n yà?"