Bébà Irúgbìn Tòmátì

Yìnyín ṣì bo oko, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ti to agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bébà tí wọ́n sá irúgbìn tòmátì gbẹ mọ́ ló ń ya ní pélébé-pélébé, tó ń rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀ inú agolo tòun ti irúgbìn, tó sì ń bomi rin ín. Ó ku pélébé bébà kan nígbà tó rí ìkọ̀wé Nazarali, ọkọ rẹ̀ tó wà ní Rọ́ṣíà, lára rẹ̀.

“Ìyá, níbo lẹ ti rí bébà yìí?”

“Ta ló ń bèèrè orírun bébà?” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. “Òun ni wọ́n fi wé súìtì tí ọkọ rẹ fi ránṣẹ́ nígbà ìkórè. Èmi ò kúkú mọ̀wé.”

Ó tú àwọn agolo wò. Bébà àti ẹrẹ̀ ti di ọ̀kan. Ó ka pélébé ọwọ́ rẹ̀: “Bí mi ò bá gbọ́ èsì rẹ kí yìnyín tó yọ́, màá gbà pé o ò ní wá bá mi níbí mọ́.”

Láti orí òrùlé, omi yìnyín ti ń kán tó, tó.