Fọ́tò Mọ́kànlá Lórí Pátákó Indo

Ogún tábúlẹ́ẹ̀tì ni ilé ẹ̀kọ́ kan lójú ọ̀nà Sama ní Sokoto rà fún kíláàsì kẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Pátákó kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí ọmọ lè lẹ fọ́tò mọ́, kí ó sì gba ohùn èèyàn sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ, àwọn ọmọ á gbé e lọ sílé. Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n á gbé e padà, Anti Ayọ̀mikún, olùkọ́ wọn, á sì yẹ pátákó wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀yọ́ ni Ayọ̀mikún ti wá. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé Sokoto bá ọkọ rẹ̀, Oyèlárán, tó ń ṣe búrẹ́dì ní Kofar Kware. Hausa tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń ra tòmátì lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọdé, kì í sì í fojú fo nǹkan dá.

"Àwọn ará ilé mi" ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Indo, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ya ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Nínú fọ́tò kan, ìyá gbé Garba sí itan. Nínú òmíràn, ó pọn Zulaihat, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohùn ìyá wà lábẹ́ wọn, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ náà ní Hausa: "Wannan Garba ne. Wannan Zulaihat ce." Fọ́tò kẹta ni ti Indo fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ìyá ti yíjú sí ògiri, ó fi ìbòrí bo ẹnu. Lábẹ́ rẹ̀, ohùn kan náà bẹ̀rẹ̀, "Wannan kuma," bí ẹni ní "èyí náà sì," ó sì dákẹ́. Orúkọ kankan ò tẹ̀ lé e.

"Anti, ìyá Indo ò mọ orúkọ ẹ̀," ni Abdulmuiz, ọmọ oníṣòwò ará Ìlọrin kan, wí.

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Indo náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ń fi èékánná ha ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ayọ̀mikún débi pé kò lè kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn kí aago tó lù.

Nígbà eré, ó pe Indo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ nílé?"

"Kaka ni." Ìyá bàbá rẹ̀ nìyẹn.

"Yàrá ta lo ti ń sùn?"

"Ti Kaka."

"Màmá rẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń pè ọ́?"

Indo rò ó wò. "Wọ́n máa ń ní, ìwọ."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fọ́tò Indo níbi tó ti ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí pátákó. Orí ẹní ni, lójú oorun ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ní igun púpọ̀ nínú wọn, nǹkan pupa kan bo ojú kámẹ́rà díẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀mikún bi í léèrè ẹni tó yà wọ́n, Indo ní òun ò mọ̀, òun ti sùn. Ayọ̀mikún gbà pé àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó lọ sí ilé wọn ní Kofar Rini. Ìyá náà gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó gbé fura fún un mu. Làálì ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni. Garba gun itan rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa á lórí. Indo dúró ti Kaka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

"Indo ńkọ́?" ni Ayọ̀mikún bi ìyá náà pẹ̀lú Hausa tó mọ. "Ọmọ yín ni?"

Obìnrin náà fa ìbòrí sójú, ó wolẹ̀, ó dìde, ó sì wọlé lọ. Kaka ló rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tèmi ni," ni ìyá àgbà náà wí, Indo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. "Tí wọ́n bá ti parí ìdánwò, èmi àti ẹ̀ ń lọ gbé ní Gusau."

Inú ń bí Ayọ̀mikún nígbà tó délé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ ọmọlọ́mọ ni wọ́n ń fìyà jẹ yẹn.

"Tó o bá kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ ìlú yìí léèrè ńkọ́?" ni Oyèlárán wí, ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lápá.

"Ohun tí mo fojú ara mi rí, kí ni mo tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn táàmù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní wọ́n á fi gbogbo pátákó han àwọn òbí lára ògiri. Ayọ̀mikún ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi Indo rẹ́rìn-ín. Ó yọ àwọn fọ́tò oorun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá ni wọ́n. Tábúlẹ́ẹ̀tì bi í bóyá ó dá a lójú, torí wọn ò ní ṣeé rí mọ́. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Indo àti Kaka wọ mọ́tò Gusau ní Sátidé. Ní Ọjọ́ Ajé, ìyá náà nìkan wá sí ilé ẹ̀kọ́. Husseinat, tó ń gbá kíláàsì, ló bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Sokoto ni wọ́n bí i sí.

"Ó ní òun fẹ́ rí tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ Kaka."

Ọmọ Kaka. Ọ̀rọ̀ náà dun Ayọ̀mikún. Ó fà á lé e lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Obìnrin náà fi ìka yí pátákó náà lọ títí tó fi dé òpin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìka rẹ̀ pọ́n fún làálì. Ó wá sọ nǹkan kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Ó ní àwọn fọ́tò tí ọmọ ti ń sùn dà," ni Husseinat wí. "Ó fẹ́ lọ tẹ̀ wọ́n jáde lọ́dọ̀ oníṣẹ́ fọ́tò."

"Mo ti pa wọ́n rẹ́. Kí ló kàn án nínú ìyẹn?"

Husseinat ò túmọ̀ èyí. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Anti, àkọ́bí ẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wọn níbí, ojú máa ń ti ìyá láti pe àkọ́bí ẹ̀ lórúkọ tàbí kó gbé e mọ́ra lójú èèyàn; ìgbà tí ọmọ yẹn bá sùn nìkan ló máa ń rí i wò tẹ́rùn, ó sì ní òun ló ya mọ́kọ̀ọ̀kànlá."