Ọkọ̀ Tó Ń Kọjá Níbẹ̀ Lójúmọmọ

Ẹ bá mi wo bàbá káfíńtà àtìyàwó ẹ̀ níwájú tábìlì mi o!

Èmi tí mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun, mi ò rírú èyí rí. Wọ́n ń yẹ àwòrán ọkọ̀ méjì wò bí ẹni ń yan àna.

"Bàbá, ìbejì làwọn ọkọ̀ yìí. Oúnjẹ kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, ọ̀nà kan náà. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè lọ," ni Ìyá dáhùn. "A ò gbọ́dọ̀ ṣì í mú."

Mo fi ibi ìlúwẹ̀ẹ́ hàn wọ́n, wọn ò wò ó.

"Àbí ẹ fẹ́ lọ tún ìgbéyàwó yín ṣe ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yọ máàpù òkun kan nínú báàgì. Wọ́n ti fi báírò pupa yí ibì kan ká láàárín omi.

"Ọmọ mi, èwo ló máa kọjá níbí lójúmọmọ?"

Mo yẹ̀wé wò. "Èyí tó ń gbéra nírọ̀lẹ́ ni. Ti òwúrọ̀, òru ló máa débẹ̀."

"Ti ìrọ̀lẹ́ la fẹ́," làwọn méjèèjì sọ pọ̀.

Ẹnu mi ò sì sinmi. "Ìyá, omi lásán ló wà níbẹ̀ o! Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?"

Bàbá di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú.

"Ọmọ wa ni," ni Ìyá sọ. "Ibẹ̀ lọkọ̀ apẹja wọn rì sí. Wọn ò rí òkú ẹ̀."

Ó ká máàpù náà jẹ́jẹ́.

"A ò fẹ́ lọ kí i lóru. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù òkùnkùn."